Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ẹ̀jẹ̀ Lórúkọ

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan bi mí pé, kí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti jíìnì ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí èdè àti àṣà Yorùbá, pàápàá jù lọ ní Ìbógun níbí, níbi tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú wa wá kọ́? Ìdáhùn mi kò gùn. Orúkọ Yorùbá wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí t'ó lókìkí jù lọ l'ágbàáyé lórí ìyàtọ̀ t'ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn, púpọ̀ nínú wa kò sì mọ bí orúkọ náà ṣe dé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ná ọjà, ó yẹ kí ó mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ìyàtọ̀ wà láàrin àwùjọ ènìyàn kan àti òmíràn. Ẹni t'ó bá ní kò sí, irọ́ l'ó ń pa. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ iye ni, kì í ṣe ìyàtọ̀ irú. Nítorí náà, onímọ̀ t'ó bá fẹ́ sọ ẹ̀jẹ̀ lórúkọ, kí ó sọ ìlú tí ó ti gbà á, kí ó sọ iye ẹni tí ó gbà á l'ọ́wọ́ wọn, kí ó má ṣe fi orúkọ ìlú kan pe odindi ẹ̀yà, kí ó má sì fi orúkọ ẹ̀yà kan pe gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀jẹ̀ náà kò yàtọ̀.

ÀMÌ OHÙN INÚ ARA

Nínú ara olúkúlùkù wa ni ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA. Ìwé ni, bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ ní èdè tiwa. Ìwé tí bàbá fún wa ní ìdajì, tí ìyá fún wa ní ìdajì. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Bí a bá mú ènìyàn méjì tí kò bá ara wọn tan, kí ọ̀kan jẹ́ ará Ifọ̀, kí èkejì jẹ́ ará Tokyo, tí a sì gbé ìwé ọ̀kan ka iwájú tèkejì, nínú 1,000 lẹ́tà, nǹkan bíi 999 ni yóò bá ara wọn mu. Ẹyọ kan t'ó kù yẹn ni gbogbo ariwo wà lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ fojú kéré ẹyọ kan. Ẹ kọ ọkọ, ẹ kọ ọkọ́, ẹ kọ ọkọ̀. Lẹ́tà kan náà ni. Àmì kékeré orí wọn l'ó sọ ọ̀kan di ẹni t'ó gbé ìyàwó, t'ó sọ ọ̀kan di irin iṣẹ́ àgbẹ̀, t'ó sọ ọ̀kan di ohun tí a ń wọ̀ lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni lẹ́tà ẹyọ kan t'ó yí padà nínú DNA ṣe lè mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tẹ̀ bíi dòjé. Ṣùgbọ́n a tún mọ̀ pé ẹni t'ó bá fo àmì kan nínú gbólóhùn gígùn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a óò ṣì gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyàtọ̀ inú DNA rí báyẹn: wọ́n wà níbẹ̀, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹni tí ó ni wọ́n ní nǹkan kan.

Báwo wá ni àwọn ìyàtọ̀ wọ̀nyí ṣe pín káàkiri? Ẹ wo ẹ̀ka-èdè wa. Bí ẹ bá gbéra ní Ifọ̀ níhìn-ín, tí ẹ dé Abẹ́òkúta, tí ẹ yà sí Ìjẹ̀bú, tí ẹ sì gba ibẹ̀ dé Oǹdó, kò sí ibodè kankan tí wọn yóò ti sọ fún yín pé èdè kan parí síbí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan yóò yí padà níhìn-ín, ohùn kan yóò yí padà l'ọ́hùn-ún, ààlà ọ̀rọ̀ kan kì í sì í bá ààlà ọ̀rọ̀ kejì mu. Síbẹ̀, ẹni tí etí rẹ̀ jí, tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ l'ẹ́nu ará Ìjẹ̀bú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò mọ ibi tí ó ti wá. Báyìí gan-an ni jíìnì rí. Àmì ẹyọ kan ṣoṣo kò lè sọ ìlú ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì papọ̀ lè sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n odi kò sí l'áàrin.

Ní ọdún 1972 ni ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Richard Lewontin ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí i pé nínú gbogbo ìyàtọ̀ tí ó kà, nǹkan bíi ìdá 85 nínú 100 l'ó wà láàrin àwọn ènìyàn inú àwùjọ kan náà. Ohun t'ó ń sọ fún wa ni pé ẹni tí a jọ ń gbé Ìbógun lè yàtọ̀ sí mi púpọ̀, kí ohun tí òkun àti aṣálẹ̀ yóò tún fi kún un má ju díẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà wá, àwọn t'ó fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tún ìṣirò náà ṣe kò bá ibòmíràn jáde.

BÍ WỌ́N ṢE GBA Ẹ̀JẸ̀ N'ÍBÀDÀN

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan dáwọ́ lé iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap. Wọ́n fẹ́ ya àwòrán ibi tí àwọn àmì wọ̀nyí wà nínú DNA, kí wọ́n sì mọ èyí tí ó máa ń bá èyí rìn pọ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọmọ. Ènìyàn 270 ni wọ́n mú láti ibi mẹ́rin: Yorùbá 90 n'Íbàdàn, ènìyàn 90 ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, tí àwọn baba ńlá wọn wá láti àríwá àti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ọmọ Han 45 ní Beijing, àti ará Japan 45 ní Tokyo. Ọ̀mọ̀wé Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà t'ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wà lára àwọn t'ó darí ti Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn onímọ̀ t'ó wà n'Íbàdàn fúnra wọn.

Wọn kò kàn já wọ ilé onílé kí wọ́n máa gún ènìyàn l'ábẹ́rẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ pe àwùjọ jọ, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n gbọ́ ìbéèrè, kí wọ́n tó wá gba ìyọ̀ǹda l'ọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọn yóò mú gbọ́dọ̀ lè sọ pé Yorùbá ni bàbá bàbá òun, ìyá bàbá òun, bàbá ìyá òun àti ìyá ìyá òun. Àwọn 90 náà jẹ́ ìdílé 30, ìyẹn bàbá, ìyá àti ọmọ wọn kan t'ó ti dàgbà. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Bí a bá ka ìwé ọmọ, tí a sì ka ti òbí méjèèjì, a óò mọ èyí tí ó gbà l'ọ́dọ̀ bàbá àti èyí tí ó gbà l'ọ́dọ̀ ìyá, a óò sì tètè rí ibi tí ẹ̀rọ ti ka nǹkan sódì.

Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára ìgò. Wọ́n tilẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ju èyí tí wọ́n lò lọ, kí ẹni t'ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ pàápàá má baà mọ̀ bóyá tòun ni wọ́n mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ náà di èyí tí ó lè máa pọ̀ sí i láì dáwọ́ dúró, tí wọ́n sì kó o sí ilé ìpamọ́ Coriell ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, níbi tí àwọn onímọ̀ kárí ayé ti lè béèrè fún un. Ní 2005 ni èsì àkọ́kọ́ jáde. Ní 2008, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin Ìbàdàn wọ̀nyí di ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ l'ágbàáyé tí wọ́n ka odindi ìwé DNA rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é. Nígbà tí iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ 1000 Genomes parí ní 2015 pẹ̀lú ènìyàn 2,504 láti àwùjọ 26, àwọn Yorùbá Ìbàdàn tún wà níbẹ̀, wọ́n sì fi àwọn Ẹ̀sán kún wọn láti Nàìjíríà.

Títí dé ibí yìí, n kò rí ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan pamọ́. Orúkọ gbogbo wa l'ó hàn gbangba. Bí wọ́n bá rí àmì burúkú kan nínú ìgò náà, a kò ní gbọ́ pé Lágbájá ọmọ Tàmẹ̀dò l'ó ni ín. A óò gbọ́ pé Yorùbá l'ó ni ín. Ènìyàn 90 l'ó na apá, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù l'ó pín nínú orúkọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ orúkọ fi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, tí ó sì fi yẹ kí ó kan ẹ̀yin náà.

IGI KAN KÌ Í DÁGBÓ ṢE

Àwọn t'ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà mọ̀ pé ewu wà. Wọ́n fi ìlànà lélẹ̀ pé kí àwọn òǹkọ̀wé máa kọ ọ́ ní kíkún: Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà. Wọ́n ní kí a má kàn pè wọ́n ní Yorùbá lásán, áńbọ̀sì kí a pè wọ́n ní Áfíríkà. Ìlànà dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ta l'ó ń tẹ̀ lé e? Mo ti rí àwòrán nínú ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ Yorùbá nìkan sí abẹ́ rẹ̀. Mo ti rí òmíràn tí Yorùbá pàápàá ti di Áfíríkà. Ẹnì kan bu omi inú Ògùn l'ágbè kan n'Ísẹ́rì, ó ní òun ti mọ gbogbo odò t'ó wà l'áyé.

Áfíríkà kò ṣeé bù l'ágbè kan. Ilẹ̀ yìí ni ọmọ ènìyàn ti pẹ́ jù lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti kó jọ jù lọ. Àwọn t'ó ṣí kúrò lọ sí ilẹ̀ mìíràn l'áyé àtijọ́ rí bí ẹni t'ó kó ẹrù lọ́gànjọ́: apá kan ni wọ́n rí kó, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ nílé. Ní 2009, Sarah Tishkoff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwùjọ 121 ní Áfíríkà, wọ́n sì rí orísun 14 tí wọ́n fi lè pín wọn. Ní 2020, ẹgbẹ́ H3Africa, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wọn ṣáájú nínú rẹ̀, ka DNA ènìyàn 426 láti inú ẹ̀yà àti èdè 50. Àmì t'ó lé ní mílíọ̀nù 3 ni wọ́n rí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Mo wá ń béèrè o: bí ó bá jẹ́ pé a ti mọ Áfíríkà tán láti Ìbàdàn, níbo ni mílíọ̀nù 3 yìí ti jáde wá?

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Àwọn ìletò àtijọ́ t'ó ń jẹ́ Ìbógun wà l'ábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ní àgbègbè tí àwọn Ẹ̀gbá, Òwu àti Àwórì ti ń gbé pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wá kọjá sí Mówè àti Ìbàfọ̀, l'ẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978. Àwọn t'ó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí owó ilé Èkó lé jáde, ti wá láti ibi gbogbo kọ́lé síbẹ̀: ará Èkìtì, ará Ọ̀yọ́, Ìgbò, Ẹdó, Ègùn, ẹni gbogbo. Kí a wá sọ pé onímọ̀ méjì dé. Ọ̀kan lọ sí ìletò Ìbógun, ó mú kìkì àgbàlagbà tí òbí òbí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Èkejì dúró l'ẹ́nu ọ̀nà ọjà Mówè, ó mú ẹni tí ó bá ṣáà ti fẹ́. Àwọn méjèèjì kọ ọ́ sí ìwé wọn pé ẹ̀jẹ̀ ará Ìpínlẹ̀ Ògùn nìyí. Àwòrán wọn kò ní jọra. Kò sí òpùrọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yàn l'ó sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹni tí kò bá sọ bí òun ṣe yan ènìyàn, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Àwọn ìletò àtijọ́ náà ńkọ́? Ṣé àwọn l'ó wá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí kò ní àdàlù? Ẹni t'ó bá mọ ìtàn ogun ilẹ̀ wa kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Òwu fọ́ ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1830. Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Àwọn ará Òwu bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Nínú rúkèrúdò wọ̀nyí, ìyàwó wá láti ìlú kan, ẹrú wá láti òmíràn, ọmọ tí ogun kó di ọmọ ilé. Bí a bá ní kí ẹnì kan ka òbí òbí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìrántí ló ń kà; ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rìn jìnnà kí ìrántí tó bẹ̀rẹ̀.

IYE NI, KÌ Í ṢE IRÚ

Gbogbo wa l'a mọ AA, AS, AC, SS àti SC. Púpọ̀ nínú ilé ìjọsìn kì í so tọkọtaya pọ̀ mọ́ láì rí ìwé àyẹ̀wò wọn. Ìdí tí S fi pọ̀ l'ọ́dọ̀ wa kì í ṣe dúdú tí a dú. Ní 1954 ni Anthony Allison fi hàn, láti inú iṣẹ́ tí ó ṣe ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, pé ọmọ t'ó bá jẹ́ AS máa ń rí ààbò l'ọ́wọ́ ibà. Níbi tí ibà ti ń pa ọmọ, àwọn AS l'ó ń yè jù, wọ́n ń bímọ, àmì náà sì ń pọ̀ sí i. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́rin l'ó ní i. Ṣùgbọ́n ó wà ní apá kan ilẹ̀ Índíà, ó wà ní Gríìsì, ó wà ní Saudi Arabia. Àmì C ńkọ́? Ìhà Burkina Faso àti àríwá Ghana l'ó ti pọ̀ jù. Ó wà láàrin Yorùbá, ó sì ṣọ̀wọ́n bí a bá ti kọjá odò Ọya sí ìlà-oòrùn. Bí a bá fi C pín ayé, a óò bá ará Ghana dúró. Bí a bá fi S pín in, a óò bá ará Índíà kan dúró. Ohun tí mo sọ nípa ẹ̀ka-èdè nìyẹn: ààlà kan kò bá ààlà kejì mu.

Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń sọ pé òun kò lè fẹ́ ọmọ ẹ̀yà báyìí nítorí wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ń gbé iye ka ibi tí kò yẹ. Iye sọ̀rọ̀ nípa agbo. Kò sọ̀rọ̀ nípa àgùntàn kan. AA ń bẹ nínú gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà, AS ń bẹ nínú gbogbo wọn. Bí AS bá fẹ́ AS, kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá ìlú kan náà tàbí kí ọ̀kan wá láti Sókótó, ewu ọmọ SS jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin nígbà oyún kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò ni kí ó béèrè, kí ó fi ìlà ojú àti orúkọ ìdílé sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín tún wà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ kan ń wá ìdí tí àrùn kíndìnrín fi ń pa adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ju aláwọ̀ funfun lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n wò, wọ́n sì rí àmì kan nínú jíìnì tí ń jẹ́ APOL1. Láàrin àwọn Yorùbá tí wọ́n kà, ọ̀kan nínú àwọn àmì náà sún mọ́ ìdá 40 nínú 100 ẹ̀dà jíìnì náà. Kò sí láàrin àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n kà. Àmì yìí ń jà fún ara l'ọ́wọ́ irú kòkòrò kan t'ó ń fa àrùn oorun, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ohun kan náà ni ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ l'ára ẹlòmíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń sọ láti inú ìwádìí Amẹ́ríkà ni pé ẹ̀dà méjì l'ó ń fa ewu, pé ẹ̀dà kan kò ṣe nǹkan. Ní 2024, àwọn onímọ̀ t'ó yẹ ènìyàn t'ó lé ní 8,000 wò ní Nàìjíríà àti Ghana tẹ èsì jáde: ẹ̀dà kan ṣoṣo náà ń fi díẹ̀ kún ewu. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ta ni ì bá rí èyí bí ó bá jókòó sí Amẹ́ríkà nìkan? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ní àmì náà kò ní ṣàìsàn kíndìnrín láéláé.

Èyí t'ó kẹ́yìn nínú àpẹẹrẹ mi fi hàn pé jíìnì nìkan kò dá ẹjọ́ rò. Láti 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti jọ ń wo àwọn àgbà t'ó jẹ́ ẹni ọdún 65 sókè, n'Íbàdàn àti láàrin adúláwọ̀ ìlú Indianapolis. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà l'áàrin àwọn t'ó pilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi sì wà l'áàrin àwọn t'ó gbé e dé ibi tí èsì ti jáde ní 2001. Láàrin ọdún kan, nínú 100 àgbàlagbà, àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer mú 2.52 ní Indianapolis, ó mú 1.15 n'Íbàdàn. Àmì kan wà nínú jíìnì APOE tí ó máa ń fi púpọ̀ kún ewu àrùn yìí l'ára àwọn aláwọ̀ funfun. Ó wà l'ára àwọn ará Ìbàdàn dáadáa, agbára rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Orísun méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, àmì kan náà l'ó wà níbẹ̀, èsì yàtọ̀. Oúnjẹ, iṣẹ́, àìsàn mìíràn àti bí ènìyàn ṣe ń gbé ayé rẹ̀ ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà.

ÀWỌN MÉJÌ TÍ N KÒ BÁ GBÀ

Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n ní ọmọ ènìyàn kan náà ni gbogbo wa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá ìyàtọ̀ mọ́, nítorí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ l'ó ń bí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọkàn rere l'ó wà l'ẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé wọn, ta ni yóò sọ fún aláìsàn kíndìnrín ní Ifọ̀ ohun tí ń ṣe é? Dídi ojú kì í pa ìyàtọ̀. Ó kàn ń fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò fi pa irọ́.

Àwọn kejì ní òyìnbó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣòwò, nítorí náà kí a kọ̀ jálẹ̀. Ìfura wọn ní ìdí, n kò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n títí di 2018, nínú àwọn ènìyàn tí wọ́n ti fi ṣe irú ìwádìí t'ó ń wá àmì àrùn nínú odindi DNA, nǹkan bíi ìdá 78 nínú 100 jẹ́ ará Yúróòpù tàbí ọmọ wọn, ti Áfíríkà jẹ́ nǹkan bíi ìdá 2. Oògùn tí wọ́n bá wọn sí ara ẹlòmíràn ni wọn yóò máa tà fún wa. Ẹni t'ó kọ̀ tí kò jẹ́ kí télọ̀ wọn òun, kó má bínú bí ẹ̀wù bá fún un l'ọ́rùn.

Kí ni kí a wá ṣe? Àbá mẹ́ta ni mo ní fún ẹgbẹ́ yìí. Èkíní, kí a jẹ́ ẹni t'ó ń ṣọ́ orúkọ. Bí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka èsì ìwádìí níwájú wa, tí ó sì ní Yorùbá báyìí, Yorùbá bẹ́ẹ̀, kí a fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: Yorùbá ibo ni, mélòó ni wọ́n, báwo ni ẹ ṣe yàn wọ́n? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kò gba owó.

Èkejì jẹ́ iṣẹ́ tí ó tọ́ sí wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyọ̀ǹda kì í ṣe ìyọ̀ǹda bí kò bá yé ẹni t'ó fún un. Ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ronú, tí wọ́n wá fi Yorùbá gbágungbàgun kọ, ìtẹ̀ka lásán ni. Báwo ni a óò ṣe sọ fún ìyá arúgbó pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè wà láàyè nínú ìgò lẹ́yìn tí òun ti kú, pé ẹni tí kò mọ̀ rí lè lò ó, pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ṣùgbọ́n orúkọ ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀, pé ó lè sọ pé òun kò ṣe mọ́? Yorùbá gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n l'a kò rí. Kí a kọ ọ́, kí a kà á sí etí àwọn ìyá ọjà Ifọ̀, kí a sì ní kí wọ́n fi ẹnu ara wọn tún un sọ fún wa. Ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀, àwa l'a kọ̀wé tí kò dára.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níhìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé tọ́jú láì sí iná, ìwé bílíọ̀nù 3 lẹ́tà kò ṣeé kà láì sí kọ̀ǹpútà àti ẹni t'ó mọ ìṣirò. Ọ̀kan nínú ohun tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wa lọ sí Camden ni pé yìnyín kì í yọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ní iná tí kò lọ, ẹ̀rọ tí kò kú àti òye láti kà á, ọjọ́ náà ni a óò máa sọ ẹ̀jẹ̀ wa lórúkọ fúnra wa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyàtọ̀ ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí. Ẹ kà á, kí ẹ mọ iye rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni t'ó sọ ọ́ lórúkọ pé ilé wo l'ó wò. Ire o.